Ẹlẹ́rìí Tí Kì í Pẹ́ Láyé

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí táńkì bú tó sì pa Sabri, ìgò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi sí ṣì ń hó.

Dókítà Nahed Shalabi gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, kò láwọ̀, kò sì rùn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fara balẹ̀ wò ó, yóò rí ìfóófòó wẹ́wẹ́ tó ń gun ara ìgò bọ̀ láti ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ohun ẹlẹ́mìí kan ń mí níbẹ̀. Sabri ti lẹ bébà pélébé kan mọ́ ọn lára, ó sì fi bírò kọ ọ́ sí i pé: "Aago mẹ́ta àbọ̀. Ó ń hó. Mò ń lọ wo táńkì." Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí táńkì fi fàya. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

"Ó rí i pé ó ń hó, ó tún lọ bá a níbẹ̀," ni Wagdi wí. "Èmi ì bá ti sá dé Káírò."

Ọ̀gá ọlọ́pàá ni Wagdi ní Mahalla, òun ni wọ́n gbé ìwádìí náà lé lọ́wọ́. Nahed ní tirẹ̀ ni onímọ̀ kẹ́míkà tí ìjọba fi ń yẹ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wò ní Tanta. Ó dá a lóhùn pé aláìbìkítà kì í kọ aago sára ìgò.

Pẹrọ́sáìdì ni omi náà. Òun ni wọ́n fi ń sọ òwú di funfun nílé ìhunṣọ. Bí a bá fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kò ní wàhálà. Bí nǹkan bá tọ́ ọ níjà, á bẹ̀rẹ̀ sí tú ká, ooru á máa ru, afẹ́fẹ́ á máa kún, títí táńkì kò fi ní lè gbà á mọ́ra. Àwọn ọ̀gá ilé ìhunṣọ Nuwwar ti kọ̀wé sí ọlọ́pàá pé Sabri ló gbàgbé fáàfù tó ń tú ooru sínú táńkì ní ṣíṣí, tí táńkì fi gbóná kọjá ààlà. Ohun tí Wagdi wá gbà ni ìfọwọ́sí Nahed, kí wọ́n lè pa fáìlì náà dé.

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, Nahed ti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọ ọ́ pé obìnrin kan ló fi àìfarabalẹ̀ dáná sun ara rẹ̀ nílé ìdáná. Nígbà tí òtítọ́ fi máa jáde, àwọn ọmọ obìnrin náà ti ń tijú orúkọ ìyá wọn. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ Nahed ti máa ń wúwo bí wọ́n bá gbé bírò síwájú rẹ̀. Ó tọrọ ọ̀sẹ̀ kan. Wagdi fún un ní ọjọ́ mẹ́rin, ó sì sọ fún un pé òkú kì í yí padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin.

Níta, lórí bẹ́ǹṣì, bàbá olóògbé jókòó. Bàbá Sabri ni gbogbo Nuwwar ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò nílé iṣẹ́ náà. Ó ṣọ́ táńkì náà fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì fún un ní ìgbálẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀ ló ti ń wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láti Mahalla wá sí Tanta. Á jókòó síbẹ̀ nínú ẹ̀wù gàlàbíyà aláwọ̀ eérú tó wọ̀, títí wọn á fi pe ìrun ọ̀sán. Tíì tí Nahed ń gbé jáde fún un á tutù síwájú rẹ̀.

"Páìpù ni, Dókítà," ni ó máa ń wí. "Mo ti sọ fún wọn títí ẹnu mi fi bó. Páìpù yẹn ti jẹrà. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ kò lè gbàgbé fáàfù."

Nahed gbà á gbọ́. Ó tiẹ̀ fẹ́ gbà á gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

*

Lọ́jọ́ kan náà ni Nahed rí irin nínú ìgò. Kò le láti rí. Ẹ̀kán òògùn kan ló kán sí i, omi náà sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó pe Wagdi lórí fóònù, Wagdi pe ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ sì dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní irin wà nínú gbogbo omi Mahalla. Wọ́n ní àwọn ń da òògùn tó ń de irin mọ́lẹ̀ sínú táńkì ní àràárọ̀. Pé irin wà níbẹ̀ kò fi hàn pé irin ló ṣe é.

Ohun tó bí Nahed nínú ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí wọ́n bá rí olè ládùúgbò lọ́jọ́ tí ẹrù sọnù, ìyẹn kò ní kí adájọ́ dá a lẹ́bi. Ó di dandan kí òun bá irin náà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà. Bí irin bá ráyè kan pẹrọ́sáìdì lára, á fọ́ ọ. Nínú ohun tó bá já bọ́, èérún kan wà tí kò lẹ́nìkejì. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ràdíkà. Àdáwà ni Nahed máa ń pè é. Àdáwà kò lè dá wà. Ohun tó bá kọ́kọ́ pàdé ló máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ á di àdáwà, òun náà á kọjú sí aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ni ìjà á máa ràn títí gbogbo táńkì á fi gbóná. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ohun tó pa Sabri, àdáwà ni. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí kì í pẹ́ láyé ni. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, àìmọye rẹ̀ ti wáyé, ó ti kú. Kò sí ojú tó lè rí i, kò sí ìgò tó lè tọ́jú rẹ̀.

Tàkúté ni wọ́n fi ń mú un. Òògùn kan wà, ẹ̀kán díẹ̀ tó wọ́n bí ojú, tó jẹ́ pé bí àdáwà bá ti fara kàn án, á há sí i lára. Ní báyìí tó ti há, á pẹ́ díẹ̀, bí ìṣẹ́jú mélòó kan, á sì lè dúró níwájú ẹ̀rọ òòfà ńlá kan tó wà ní yunifásítì, kí ẹ̀rọ náà fi ìlà ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà. Àdáwà kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀, bí ìtẹ̀ka.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Labib ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà. Òun ló kọ́ Nahed níṣẹ́ lọ́dún gbọọrọ sẹ́yìn. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí ẹ̀rọ náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, nítorí náà wọn kò jẹ́ kó lọ sílé.

Nahed da tàkúté sínú omi Sabri, ó sì fà á sínú ọ̀pá gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé koóko. Wọ́n ti í sáàárín òòfà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí rìn lórí bébà. Ó ń lọ gbọọrọ, ó ń lọ gbọọrọ, lójijì ó fò sókè, ó já wálẹ̀. Ìlà kékeré kan. Ìlà ńlá méjì. Ìlà kékeré kan. Mẹ́rin.

Nahed mọ ìtẹ̀ka yẹn. Àdáwà tí irin ń bí ni.

"Má yọ̀ o, ọmọ mi," ni Labib wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Tàkúté yìí ń purọ́. Irin nìkan, láìsí àdáwà kankan, lè ti omi lásán sára rẹ̀, kó sì ya ìlà mẹ́rin kan náà fún ọ. Èèyàn méjì ti fi irú ìlà yìí di ọ̀gá níbí, wọ́n sì fi í dẹni ẹ̀tẹ́."

Nahed jókòó. Ó béèrè lọ́wọ́ Labib pé báwo làwọn ṣe máa wá mọ òótọ́.

"Báwo lo ṣe máa ń mọ olè gidi? Gbé ẹran síwájú rẹ̀."

Labib fa ìgò sípíríìtì kan yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nahed rántí kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Àdáwà gidi kì í rí sípíríìtì kó mójú kúrò. Á kọlù ú, á sọ ọ́ di àdáwà tuntun, èyí tuntun ni yóò sì há sí tàkúté. Ìlà mẹ́fà ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀tàn ni, ẹnu kò sí níbẹ̀ tó máa jẹ ẹran, ìlà mẹ́rin á wà bó ṣe wà.

Wọ́n bu omi mìíràn láti inú ìgò, wọ́n da sípíríìtì sí i, wọ́n da tàkúté lé e. Abẹ́rẹ́ rìn. Nahed ń kà á lẹ́nu bí ọmọ ilé ìwé, Labib sì ń fi ìka gbá tábìlì sí i. Mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà.

Wọ́n tún ṣe ti pẹrọ́sáìdì tí Wagdi bù wá láti inú dúrọ́ọ̀mù tí wọn kò tíì ṣí nílé iṣẹ́. Bébà rẹ̀ lọ gbọọrọ, kò fò. Wọ́n sè é dé ibi ooru tí àwọn ọ̀gá ní fáàfù lè gbé e dé. Ìlà tó jáde kò tó ohun tí èèyàn ń pè ní ìlà.

"Kì í ṣe ooru," ni Nahed wí. "Ọmọ náà kò gbàgbé nǹkan kan."

*

Ó kù kí wọ́n mọ ibi tí irin ti wá. Lára fìríìjì yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ni Nahed ti yọ òòfà kékeré kan, ó fi í sí àpò, ó sì lọ bá Wagdi ní Nuwwar.

Irin aláìpẹtà kì í fa òòfà. Páìpù jíjẹrà tí Bàbá Sabri ń pariwo lé lórí yóò fà á. Wọ́n wọ inú ibi tí táńkì wà. Òrùlé ti ṣí, ojú ọ̀run hàn, ògiri dúdú. Nahed gbé òòfà lé páìpù níbi ìsopọ̀ àkọ́kọ́. Ó já bọ́. Ó gbé e lé ìkejì, ìkẹta. Ó ń já bọ́ ṣáá. Olórí iṣẹ́ ọ̀sán, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fikri, dúró lẹ́yìn wọn, ó ní oṣù kọkànlá ni wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ fún àwọn agbálẹ̀.

Nahed padà sí Tanta pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì. Ó tún ìgò yẹ̀ wò, ó kán òògùn mìíràn tó máa ń fi imí-ọjọ́ inú iyọ̀ irin hàn sí i, omi náà dì funfun bí ogi. Ìyẹn ló jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe ìpẹtà páìpù, kì í ṣe irin inú omi Mahalla. Iyọ̀ irin ni, èyí tó dà bíi díńgí aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá níbi tí wọ́n ti ń ta irúgbìn. Ìkúnwọ́ kan tàbí méjì. Iyọ̀ kò lẹ́sẹ̀. Ẹnìkan ló dà á síbẹ̀.

Wagdi kò dá àpárá mọ́. Ó mú ìwé ilé iṣẹ́ jáde, àwọn méjèèjì sì jókòó tì í. Láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni aṣọ ti jáde lára táńkì yẹn pẹ̀lú ihò wẹ́wẹ́, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Nahed mọ ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí irin díẹ̀ bá wọ pẹrọ́sáìdì, àdáwà tó bá bí á jẹ òwú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣẹlẹ̀ níṣẹ́ ọ̀sán, lábẹ́ Fikri.

Wọ́n pe Fikri. Wagdi bi í bóyá ó ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

"Èmi ni wọ́n ń bú fún gbogbo ihò yẹn," ni Fikri wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá pè mí ní màlúù lójú àwọn ọmọ iṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Ta ló kórìíra rẹ, nígbà náà?"

"Ẹ mú bébà tó gùn. Mo lé arúgbó márùn-ún kúrò nídìí ẹ̀rọ, mo fún wọn ní ìgbálẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ràn mi. Ìyàwó mi gan-an kò fẹ́ràn mi."

Wagdi rẹ́rìn-ín. Nahed ń wo ìwé iṣẹ́. Orúkọ Sabri kò sí nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Òwúrọ̀ ni tirẹ̀. Ọjọ́ tí táńkì bú nìkan ni wọ́n fi bírò yí i sí ọ̀sán. Ẹni tó da iyọ̀ náà fẹ́ ba Fikri jẹ́. Ó fẹ́ lu aṣọ, kò fẹ́ pa èèyàn, kò sì mọ̀ pé Sabri ni yóò wà níbẹ̀.

Nahed sọ fún Wagdi pé kí ó ṣì dákẹ́ ná. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ lọ sọ fún àwọn òbí ọmọ náà pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní wọ́n ti dúró tó.

*

Ọjọ́ Jímọ̀ ló lọ. Lẹ́yìn ìrun ni, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n mú un wọlé sí, nítorí oòrùn ọyẹ́ wà níbẹ̀. Ìyá Sabri wọ dúdú látòkè délẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ọwọ́ ló fi wá apá Nahed kó tó mú un jókòó.

Nahed sọ ọ́ láìfa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní Sabri kò gbàgbé fáàfù. Ó ní ó kíyè sí i pé omi ń hó ṣáájú ẹnikẹ́ni, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì lọ láti gbà wọ́n là. Ó ní òun yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, yóò sì dúró lórí rẹ̀ níwájú adájọ́. Ìyá náà fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, ó sọkún, ó ń sọ orúkọ Ọlọ́run léraléra. Ó ní ọmọ òun kò ṣe nǹkan kan ju pé ó pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ lọ, kí ó lè mú òun lọ wo ojú ní Tanta ní Ọjọ́bọ̀. Òun nìkan ló sọ ọ́ fún, torí bí bàbá rẹ̀ bá gbọ́, á ní òun fẹ́ tẹ̀lé wọn, orúnkún rẹ̀ kò sì gba ìrìn.

Bàbá Sabri kò sọkún. Kò yọ̀.

"Páìpù ni, àbí?" ló béèrè.

"Kì í ṣe páìpù, Bàbá. Tuntun ni páìpù. Iyọ̀ irin ni ẹnìkan dà sínú táńkì."

"Aṣọ nìyẹn máa ń jẹ," ni bàbá náà wí. "Kì í jẹ èèyàn."

Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ aṣọ fún un.

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó, Dókítà?"

"Ìkúnwọ́ kan, tàbí méjì."

Bàbá náà wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Nahed gbé ojú kúrò lára rẹ̀, nítorí kò lè wò ó, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí igi ọsàn wẹ́wẹ́ méjì tó wà lẹ́bàá ògiri. Ilẹ̀ Mahalla kì í jẹ́ kí igi ọsàn gbádùn. Lágbàlá ìyá òun gan-an, bí ọyẹ́ bá ti dé, ewé wọn a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí bébà àtijọ́. Àwọn méjì yìí dúdú mirinmirin fún ewé tútù. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn àgbẹ̀ ń bù sí wọn nídìí tí wọ́n fi ń rí bẹ́ẹ̀: iyọ̀ aláwọ̀ ewé inú ọ̀rá yẹn.

Ì bá dìde, kó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, kó máa lọ. Ó rò ó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti ń sọ̀rọ̀.

"Ṣíbí kan ni mo máa ń dà tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ń gbálẹ̀ kọjá ní aago méjì, bí mo bá ń lọ sílé. Aṣọ á lu, wọ́n á bá Fikri wí, lọ́jọ́ kejì á tún máa pè wá ní òkú ẹran. Mo ní kí n kúkú dà á kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lé e. Mo mọ ìgbà tí ọmọ mi ń ṣiṣẹ́. Òwúrọ̀ ni. Ó ti yẹ kó wà nílé."

Ìyá Sabri yí orí sí ibi tí ohùn ọkọ rẹ̀ ti ń wá.

"Nítorí ojú mi ló ṣe pààrọ̀ rẹ̀," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọdé.

"Mo gbọ́."

Àwọn àgbà ní òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Èyí pa. Bàbá náà kò bẹ Nahed pé kí ó bo òun láṣìírí, kò sì bẹ ìyàwó rẹ̀. Ohun kan ló béèrè, bóyá ọmọ náà mọ̀ ọ́n lára kó tó kú. Nahed ní kò mọ̀ ọ́n lára, ó yá púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Nahed pe Wagdi, ó sì wá mú bàbá náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó fi ṣẹkẹṣẹkẹ sápò, kò fi dè é. Ìrìn láti ilé dé ìgboro gba wọ́n lákòókò gan-an, nítorí orúnkún yẹn.

*

Nahed kọ ọ́ bó ṣe rí i. Ó lẹ bébà onílà mẹ́rin àti onílà mẹ́fà mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ Nuwwar tún òrùlé ṣe, wọ́n sì fi Fikri ṣe olórí iṣẹ́ òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán, torí pé ó ti hàn pé kì í ṣe òun ló ń ba aṣọ jẹ́. Ní àtìmọ́lé, Bàbá Sabri gba ohun gbogbo tí wọ́n kà sí i lọ́rùn, ó sì kọ agbẹjọ́rò. Wọ́n ní kì í jẹun tó.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, lẹ́tà kan jáde láti ilé ẹjọ́ pé Sabri kò jẹ̀bi ohunkóhun. Nahed ní kí wọ́n má fi ránṣẹ́, òun yóò mú un lọ. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí ó tó gbọ́ ẹsẹ̀.

"Ta ni?" ni Ìyá Sabri béèrè. Ó ti dojú kọ Nahed, ṣùgbọ́n kò rí i. Kò sí ẹni tó mú un lọ sí Tanta.

Nahed dárúkọ ara rẹ̀. Ó ní ìwé kan wà lọ́wọ́ òun, ó sì kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú orúkọ adájọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Obìnrin náà fetí sílẹ̀ títí ó fi parí.

"Ẹ ní ọmọ mi kò jẹ̀bi," ló wí. "Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dé, Dókítà. Èyí tí n kò mọ̀ nípa bàbá rẹ̀, n kò bi yín."

Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ tàsé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wá a kiri lára ògiri títí ó fi bà á, ó sì rọra tì í.